Níbo ni Orúkọ Ọ̀ta Ń Gbé?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 2019, bàbá àgbàlagbà kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ifọ́n, tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó gbé ọpọ́n ayò ka iwájú, ó sì ń pín ọmọ ayò sínú ihò méjèèjìlá, mẹ́rin-mẹ́rin, bí ẹni tí ó ń retí ẹnìkejì rẹ̀. Kò retí ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n máa ń jókòó sí òdìkejì ọpọ́n náà ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó kàn ń ṣe ohun tí ó ti ń ṣe láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Bí ó bá pín méjìdínláàádọ́ta náà tán, yóò tún kó wọn jọ, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ó ti ń ṣe èyí ni ọmọ ọmọ rẹ̀ bá a. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jàpáànù dé, níbi tí ó ti lo ọdún mẹ́rin lórí ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ṣùgbọ́n Ifọ́n ni ilé bàbá bàbá rẹ̀. Nítorí náà, kò ì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó dé tí ó fi wọ ọkọ̀ wá kí àgbà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá àgbà, ẹ kú ìjókòó o, sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọmọ mi, o káàbọ̀. Dìde, dìde. Ṣé àlàáfíà ni o dé? Òtútù ibẹ̀ kò mú ọ jù?"

Lẹ́yìn ìkíni, ọ̀dọ́mọkùnrin náà fa àpò owó rẹ̀ yọ kí ó lè fún bàbá ní owó ẹmu. Bí ó ti ń ka owó, káàdì pẹlẹbẹ kan jábọ́ sórí ọpọ́n, ó sì dùbúlẹ̀ sáàárín ihò méjì. Bàbá mú un, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ti báńkì nìyí?"

"Rárá o, sà. Káàdì tí a fi ń ta géèmù ni."

Ojú bàbá yí padà. Ní ayé tí ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti wọ gbogbo ìlú, àti ńlá àti kékeré, kò sí àgbà tí yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí tí ọkàn rẹ̀ kò ní fò.

"Ṣé tẹ́tẹ́ ni o lọ kọ́ ní òkè òkun?"

"Kì í ṣe tẹ́tẹ́, sà. A kì í fi jẹ owó. Orúkọ mi ni ó wà nínú rẹ̀, àti gbogbo ìjà tí mo ti jà, àti iye ìgbà tí mo borí."

Ó dákẹ́. Ó rí i pé ohun tí òun sọ kì í ṣe òótọ́. "Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, sà. Kò sí mọ́." Àní èyí pàápàá kò tọ̀nà tán, nítorí pé orúkọ náà kò fi ìgbà kan wà nínú káàdì yẹn rí.

Kí òǹkàwé lè mọ ohun tí ó pa ọ̀dọ́mọkùnrin náà lẹ́nu mọ́, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀, sí Ọ̀wọ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rúndún yìí, nígbà tí ó wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní àkókò náà, ilé géèmù ti gbòde, àgàgà ní àwọn àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pólì ń gbé. Yàrá kan ṣoṣo ni ilé géèmù: tẹlifíṣàn méjì tàbí mẹ́ta, bẹ́ǹṣì onípákó, ẹ̀rọ PlayStation tí a fi aṣọ nù títí tí àwọ̀ ara rẹ̀ fi ṣí, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ó ń pariwo lẹ́yìn ògiri. Bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ Konami ti Jàpáànù ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní Winning Eleven, ni ó gba gbogbo ọkàn àwọn ọmọ. Ẹni tí ó bá borí yóò jókòó síbẹ̀, ẹni tí ó bá fìdí rẹmi yóò dìde fún ẹlòmíràn.

Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà láti gbá bọ́ọ̀lù náà, tí kò nílò alátakò. Ọmọ kan lè dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó máa ra agbábọ́ọ̀lù, kí ó máa tà, kí ó máa gun àkàbà líìgì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Irú eré bẹ́ẹ̀ kò lè tán ní ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni kò lè tán ní oṣù kan. Níbo ni a ó tọ́jú rẹ̀ sí? Inú mẹ́mòrì káàdì ni. Ohun kékeré kan ni, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju páálí ìṣáná lọ, tí a ń kì bọ ẹnu ẹ̀rọ. Yàrá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó wà nínú ti PlayStation àkọ́kọ́, bí eré kan bá sì gba yàrá púpọ̀, àwọn yòókù ní láti fún ara wọn mọ́ ibi tí ó kù. Ọmọ tí ó bá ní mẹ́mòrì káàdì tirẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ nígbà náà, ẹni ńlá ni. Àpò ṣòkòtò ilé-ẹ̀kọ́ ni ó máa ń fi í sí, bí ó ṣe ń fi ọwọ́ kàn án ní wákàtí-wákàtí nínú kíláàsì ni olùkọ́ yóò máa bi í léèrè ohun tí ó ń wá.

Ọmọdékùnrin tí à ń sọ yìí ní ọ̀kan. Àtibàbà ìsinmi ọdún Kérésìmesì títí di ìsinmi ọdún Àjíǹde ni ó fi kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ìjọba bá mú iná lọ kí ó tó tọ́jú eré rẹ̀, ìyà ọjọ́ náà gbé nìyẹn, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ ìṣáájú ṣì wà nínú káàdì. Ní ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yá káàdì náà. Ọ̀rẹ́ náà kò rí àyè tí yóò tọ́jú eré tirẹ̀ sí, ni ó bá tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" níbi tí kò ti yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́, ó sì kọ eré tirẹ̀ borí ti ẹlòmíràn. Ìsinmi méjì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ náà sunkún dé ilé. Ìyá rẹ̀ bi í pé, "Ṣé nítorí eré ni o ṣe ń sunkún bí ẹni tí òbí rẹ̀ kú?" Kò mọ èsì tí yóò fọ̀. Ohun tí ó dùn ún kì í ṣe eré. Ó ti di ẹnìkan nínú ilé géèmù náà, àwọn àgbà ọmọ ti ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní orúkọ tí ó sọ ọ́, ẹ̀rí rẹ̀ sì ti pòórá.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á fi èyí sí ọkàn: mẹ́mòrì káàdì yẹn ru ẹrù tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí a sọ pé ó wà nínú rẹ̀, ó wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Bí a bá mú un láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìdóàní, tí a sì kì í bọ ẹ̀rọ tí ó wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ náà yóò jáde láìsí pé a tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ilé géèmù ti Jàpáànù yàtọ̀. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, owó ẹyọ yẹ́ẹ̀nì 100 ni a ń sọ sí ẹnu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ni tẹlifíṣàn àti àga àti ọkọ̀ tí a ń wà. Ìtàn wọn ti pẹ́. Ní ọdún 1978 ni ilé-iṣẹ́ Taito gbé Space Invaders jáde, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń tò lẹ́sẹẹsẹ nídìí rẹ̀. Ní ọdún 1979, Atari ti Amẹ́ríkà gbé Asteroids jáde, èyí tí ó fún ẹni tí ó bá gba àmì púpọ̀ láyè láti fi lẹ́tà mẹ́ta kọ orúkọ rẹ̀ sójú ẹ̀rọ. Lẹ́tà mẹ́ta péré! Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọlé tẹ̀lé e yóò rí i, yóò sì béèrè pé ta nìyí. Nígbà tí onílé bá pa iná ẹ̀rọ ní alẹ́, orúkọ náà lọ. Ọmọ Ọ̀wọ̀ kò nílò àlàyé lórí irú àdánù yìí. Ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ti kọ́ ọ.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ní Jàpáànù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni káàdì olùtayò. Ní ọdún 2001, Sega so géèmù ìjàkadì rẹ̀, Virtua Fighter 4, mọ́ káàdì àti íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tí ó jà lè gbé fóònù alágbèéká rẹ̀ kí ó wo iye ìgbà tí òun borí. Ní ọdún 2002, Konami, àwọn kan náà tí wọ́n ṣe bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní e-Amusement. Lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn dá tiwọn sílẹ̀: Bandai Namco ní Banapassport, Taito ní NESiCA, Sega sì wá ní Aime. Ó di pé olùtayò kan ń kó káàdì bíi mẹ́rin nínú àpò bí awakọ̀ èrò ṣe ń kó ìwé ọkọ̀. Ní ọdún 2018 ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí fẹnu kò pé kí káàdì ẹnìkan máa ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ ẹnìkejì. Ètò Konami ti rékọjá òkun pàápàá. Láti ọdún 2016 ni àwọn tí ń jó lórí ẹ̀rọ Dance Dance Revolution ní àwọn gbọ̀ngán kan ní Amẹ́ríkà ti ń lò ó. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sí ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ifọ́n. Ní àwọn ilé ìtajà ńlá ti Èkó, àwọn ọmọdé ń fi káàdì ṣeré, ṣùgbọ́n owó ni ó wà fún lára káàdì yẹn, kì í ṣe orúkọ.

Báwo ni káàdì olùtayò ṣe ń ṣiṣẹ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbìyànjú láti ṣàlàyé fún bàbá àgbà, kò sì rọrùn. Yẹ́ẹ̀nì 300 ni ó fi ra Aime tirẹ̀ nínú àpótí kan ní ilé géèmù. Bí a bá gbé e lé ojú ẹ̀rọ, tí a kò tilẹ̀ kì í bọ ibì kankan, ẹ̀rọ yóò mọ ẹni tí ó dé, yóò kí i ní orúkọ tí ó sọ ara rẹ̀, yóò sì gbé ohun gbogbo tí ó ti kó jọ jáde. Ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà nídìí rẹ̀ náà ni àwọn ará Jàpáànù fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin láìja tíkẹ́ẹ̀tì. Yálà ó wọ ilé géèmù ní Sapporo ní àríwá tàbí ní Okinawa ní ìsàlẹ̀ pátápátá, bákan náà ni.

"Nítorí náà, orúkọ rẹ wà nínú rẹ̀," ni bàbá wí.

"Kò sí nínú rẹ̀, bàbá. Nọ́ńbà nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Orúkọ wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ni eré, nínú kọ̀ǹpútà wọn. Káàdì kàn ń júwe ẹni tí mo jẹ́ fún wọn ni."

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ra káàdì WAEC rí láti fi wo èsì ìdánwò rẹ̀ yóò tètè lóye èyí ju bàbá lọ. Ẹni tí ó ra páálí yẹn, tí ó fi èékánná ha á, kò rí A tàbí F9 lábẹ́ ohun tí ó ha kúrò. Nọ́ńbà ni ó rí. Èsì rẹ̀ wà ní ibòmíràn, lọ́wọ́ ẹni tí ó ni í. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ṣẹ́ níbẹ̀, páálí kò lè sọ fún un bóyá ó yege. Nọ́ńbà mọ́kànlélógún kọ́ ni ti Aime, ogún ni, tí a tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi í forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè gba ohun ìní rẹ̀ padà sórí káàdì tuntun bí ti àkọ́kọ́ bá sọnù. Kí á má purọ́, ire ńlá ni èyí. Ká ní irú rẹ̀ wà ní Ọ̀wọ̀ nígbà náà, ọmọ kan kò bá má sunkún dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé ohun àtijọ́ ni ó dára jù, wọn kò tí ì pàdánù mẹ́mòrì káàdì rí.

Eré tí ó fi káàdì rẹ̀ ta ni Border Break, tí Sega gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń jà nínú rẹ̀, olúkúlùkù nínú ẹ̀rọ ajagun tirẹ̀, àwọn tí wọ́n sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan lè wà ní ìlú mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Osaka, nígbà tí kò tí ì gbọ́ èdè dáadáa, ibẹ̀ nìkan ni ó ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láìsọ̀rọ̀. Orúkọ tí ó sọ ara rẹ̀ nínú eré náà ni Ọ̀sẹ̀, orúkọ odò àti ti ìjọba ìbílẹ̀ àwọn baba rẹ̀, tí ó fi lẹ́tà àwọn ará Jàpáànù kọ. Wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún méjì, bí orúkọ yẹn bá yọ lójú ẹ̀rọ, àwọn kan ní ìlú tí kò dé rí a máa mọ̀ pé ẹni tí kì í sá lójú ogun ni ó dé. Ní ilé géèmù tí ó máa ń lọ, ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lórí tábìlì tí àwọn olùtayò ń kọ ọ̀rọ̀ sí fún ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ àṣà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹnìkan kọ orúkọ Ọ̀sẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán kékeré. Ó rántí ìwé olójú-ewé ọgọ́ta tí onílé géèmù ní Ọ̀wọ̀ máa ń kọ èsì ìdíje sí, tí ó fi okùn so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kí wọn má baà jí i.

Sega kéde pé àwọn yóò fòpin sí i. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ọdún mẹ́wàá géérégé lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀, wọ́n pa á. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sí ilé géèmù ní ọjọ́ náà. Àwọn tí ó ti máa ń rí láti ẹ̀yìn nìkan, tí wọ́n jókòó sínú ẹ̀rọ, dìde, wọ́n kọjú síra wọn, wọ́n sì tẹrí ba. Kò mọ orúkọ àbísọ ẹnìkankan nínú wọn, àwọn náà kò mọ tirẹ̀. Nígbà tí ó tún padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó gbé káàdì rẹ̀ lé ojú eré mìíràn. Káàdì ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kí i káàbọ̀, ó sì bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án náà ni Ọ̀wọ̀ máa ń ṣe ọdún Ìgogo, ìyẹn ni ó fi ń rò ó ní òru ọjọ́ náà. Lọ́dọọdún ni ìlú Ọ̀wọ̀ ń rántí Ọrọ̀nsẹn, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́ngẹ̀jẹ̀n. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn kì í lu ìlù, agogo ni wọ́n ń lù, Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ a sì di irun. Ẹ wo iṣẹ́ tí ìlú kan ń ṣe kí orúkọ obìnrin kan má baà parẹ́! Kò sí ẹni tí ó lè ji í níbẹ̀ kí ó sọ pé òun ti pa á. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń sọ pé ohun tí a kọ sílẹ̀ ni ó ń pẹ́, tí ohun tí a fi ẹnu sọ kì í pẹ́, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí.

Ohun tí ó ń ṣòro láti gbà nínú ọ̀rọ̀ káàdì yìí nìyẹn. Ẹni tí ó ra káàdì sanwó, ẹni tí ó ta eré sanwó ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún yẹ́ẹ̀nì, òun ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ipò tí ó gbà. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí ó gbà láìkà á, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ti í ka irú rẹ̀, kò fún un ní ohun kan ju ààyè láti wo orúkọ rẹ̀ lọ, níwọ̀n ìgbà tí ó bá wu onílé. Onílé pàápàá kì í dúró sójú kan. Ní òpin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti mú kí ilé géèmù ṣófo, Sega ta èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìpín rẹ̀ nínú àwọn ilé géèmù tirẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ní ọdún 2022 ó ta ìyókù, a sì yọ orúkọ Sega kúrò lójú àwọn ilé náà, a fi GiGO rọ́pò rẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ifọ́n, bàbá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n ti tẹrí ba fún ara wọn. Ó ti gbé káàdì náà sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n.

"Ǹjẹ́ o mọ ẹni tí ó pa ilé tí orúkọ rẹ wà?"

"Ilé-iṣẹ́ náà ni, sà. Wọ́n tilẹ̀ ti sọ ọjọ́ tẹ́lẹ̀."

"Ìwọ ṣoríire. Èmi kò mọ ẹni tí ó pa tèmi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ."

Ó wá sọ ìtàn kan tí ọmọ ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ rí. Kí wọ́n tó bí bàbá ọmọ náà, ọkùnrin kan wá láti Ìdóàní nítorí pé ó gbọ́ pé ẹnìkan wà ní Ifọ́n tí ọwọ́ ènìyàn kò tó nídìí ayò. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ta á, láti ìgbà tí oòrùn bá rọ̀ títí ojú fi ń ṣú. Ilé kún. Àwọn òǹwòran ń ka ihò mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ń bú ẹni tí ó bá ṣe àṣìṣe, wọ́n ń fi òpè pe ẹni tí ó ń fìdí rẹmi, wọ́n ń ki ẹni tí ó ń borí ní ọ̀ta. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni gbogbo ipò tí ó wà nínú ayò: ọ̀ta àti òpè. Kò sí nọ́ńbà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, bàbá fi ìta kan ṣoṣo jẹ ihò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ọkùnrin ará Ìdóàní sì dìde, ó ní òun gbà. Láti ọjọ́ náà, bí bàbá bá ń lọ lọ́nà, ọ̀ta ni wọ́n ń kí i.

"Àwọn wo ni ó wà níbẹ̀, bàbá?"

Bàbá dárúkọ ènìyàn bíi méje. Bí ó ti ń dárúkọ wọn ni ó ń sọ ọdún tí a sin olúkúlùkù. Ẹni ìkẹyìn lọ ní ọdún tí ó ṣáájú. "Láti ìgbà tí ó ti lọ," ni ó wí, "kò sí ẹni tí ó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ tí ń kọjá yìí, wọ́n rí arúgbó tí ó ń fi èso igi ṣeré."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọlé, ó mú ìwé àti gègé jáde, ó ní kí bàbá tún ìtàn náà sọ kí òun lè kọ ọ́, kí òun sì kọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ayò, bí wọ́n ṣe ń dẹ pàkúté sí ihò. Bàbá wo ìwé náà tìyanu-tìyanu.

"Kọ ọ́ tí o bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè sọ fún mi pé mo ṣi ayò ta. Jókòó."

"Bàbá, mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ta á."

"Mo mọ̀. Jókòó."

Wọ́n ta á. Káàdì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n, kò sí ẹni tí ó mú un. Ní eré àkọ́kọ́, bàbá jẹ ẹ́ ní àjẹtán kí ó tó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó rò pé òun ti dọ́gbọ́n kan, ó kó ihò kan tí ó kún, ó pín in yí ọpọ́n ká, ó sì bọ́ sí ibi tí bàbá ti dẹ ẹ́ dè. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ọmọbìnrin kékeré kan tí ìyá rẹ̀ rán ní omi gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró. Àwọn ọmọkùnrin méjì tí ń gbá bọ́ọ̀lù láti ìta bá a. Kò pẹ́, àwọn ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ihò sókè, wọ́n ṣì í kà, bàbá sì ń tún un ṣe fún wọn láìgbé ojú sókè. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè ohun tí wọ́n ń pe ẹni tí ó borí. Bàbá kò dáhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó sọ ọ́ fún un, ó sì sọ ìkejì pẹ̀lú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó forí lé ibùdókọ̀ láti padà sí Ọ̀wọ̀. Ó ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù alágbàlọ̀ kan nígbà tí ọmọ kan tí kò rí rí, tí kò sí níbẹ̀ ní àná rárá, na ìka sí i, tí ó sì fi gbogbo ohùn kígbe pé, "Òpè! Òpè tí ó ti Jàpáànù dé!"